Ihò 150 mm nínú pélétì irin tó nípọn: wẹ́dà ni kí n gbọ́ tirẹ̀ ni, àbí ọ̀gá mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń ṣe ẹ̀rọ ìfọ́kúta fún oníbàárà kan. Pélétì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 400 mm níbùú àti lóròó, ó sì nípọn 50 mm. Owódé Onírin, ọjà irin àlòkù, ni mo ti rà wọ́n. Bíárìn 6314, òrùka tí ọ̀pá máa ń yí nínú rẹ̀, ló máa wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí náà mo fẹ́ ihò 150 mm tó já sí òdì kejì. Dírílì ìdúró tí mo ní ò gba bíìtì tó ju 25 mm lọ. Wẹ́dà mi ní kí n gbé e wá, pé gáàsì á gé e kí ọbẹ̀ tó hó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní tí mo bá fi gáàsì kan pélétì yẹn, kí n má pe ara mi ní ọmọ iṣẹ́ òun mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Àbúrò, kí o tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, bi ara rẹ pé kí ló máa wọ ihò yẹn. Tó bá jẹ́ páìpù ló fẹ́ kọjá níbẹ̀, tàbí o kàn fẹ́ kí ọwọ́ lè wọlé lọ di bóòtù, fún wẹ́dà rẹ lówó, kí o lọ sùn. Bíárìn ni ìwọ dárúkọ. Ihò bíárìn 150 mm, ní ìwọ̀n H7 tí a sábà máa ń lò fún un, láti 150.00 dé 150.04 ni. Àyè tí wọ́n fún ọ nìyẹn: ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan ṣoṣo. Kò sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn tó lè fi iná gé ìyẹn.

Àmọ́ ọ̀gá rẹ náà ò tíì jàre tán. Irin tó wà nínú ihò yẹn, roboto 150 mm tó nípọn 50 mm, fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀wọ̀n kílò méje. Ẹni tó bá ní kí o má kan gáàsì rárá ń sọ pé kí o fi ojú túùlù họ kílò méje irin di èérún, kílò mẹ́rìnlá fún méjèèjì. Iná mànàmáná ta ni yóò jó? Túùlù ta ni yóò kú? Jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú irin yẹn jáde lódidi, kí o wá fi ẹ̀rọ tún etí ihò ṣe. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó bọ́ síta.

* * *

Ẹ bọ́ síta lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó pọ̀ jù ní kó fi bíìtì kékeré lu ihò yíká, kí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èkejì, kó wá fi òòlù lé àárín rẹ̀ jáde. Mo ti ṣe é rí, nígbà tí mi ò ní owó gáàsì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bíìtì 12 mm, kí àárín àwọn ihò náà wà lórí òbìrípo 132 mm, kí 3 mm lè ṣẹ́ kù ní etí fún túùlù. Ihò 33 ló máa gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jinlẹ̀ 50 mm. Ó lé ní mítà kan ààbọ̀ irin tí bíìtì máa gbẹ́ nínú pélétì kan. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ń dúró dè ọ́. Bíìtì tún nìwà burúkú kan: tó bá ti súnmọ́ ihò tó ti wà nílẹ̀, inú rẹ̀ ló máa ń fẹ́ yà sí. Ẹni tó bá máa ṣe é, kó lu ọ̀kan, kó fo ìkejì, kó lu ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe yíká. Nígbà tó bá padà wá lu àwọn tó fò, ihò á wà lọ́tùn-ún, á wà lósì, bíìtì ò ní mọ apá tí yóò yà sí. Iṣẹ́ ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni.

Ẹnìkan dárúkọ ayùn tó rí bí ife. Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri kì í jinlẹ̀ ju bíi 38 mm lọ, pélétì rẹ sì jẹ́ 50. O máa yí pélétì padà, o máa gé e láti ẹ̀yìn, méjèèjì ò sì ní pàdé lójú kan náà. Ó tún ku bí ó ṣe máa ń yí. Etí túùlù high speed (irin líle tí a fi ń ṣe bíìtì) lórí irin lásán, mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan ni mo máa ń fún un. Fún òbìrípo 150 mm, ìyẹn jẹ́ ìyípo 53 péré. Ká ní dírílì rẹ, níbi tó rọra jù, ń yí ní 250, eyín ayùn yẹn ń sáré mítà 118. Ó máa pupa, ó máa pariwo, ó máa kú, kò sì ní pẹ́.

Dírílì tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì di ara rẹ̀ mọ́ irin ńkọ́, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń gé òrùka tí àárín sì ń já bọ́ lódidi? Èrò tó wà nínú rẹ̀ ni mò ń sọ láti òwúrọ̀. Tí òrùka tó gé bá fẹ̀ 10 mm, èérún ihò kan kò ní tó kílò méjì, ìyókù á bọ́ jáde ní odindi. Ẹnu tó tó 150 mm tó sì lè wọlé dé 50 mm wọ́n gan-an, ẹ̀rọ kékeré ò sì lè gbé e. Ẹ rántí pé iná ló ń fún mágínẹ́ẹ̀tì yẹn lágbára. Ní ọdún kan, a gbé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì, ó dúró gbọnyin, ó ń jẹ irin bí ẹni jẹ ẹ̀bà. NEPA mú iná. Odindi ẹ̀rọ já láti òkè, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú ọmọ iṣẹ́ kan tó ń tú ọ́ìlì sí i. Ṣéènì tó yẹ ká fi so ó wà nínú àpótí, a ò tíì tú u láti ọjọ́ tí a ti rà á. Láti ọjọ́ náà, kí n tó kan bọ́tìnì, ṣéènì ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ̀rọ tó ń fi pílásímà tàbí omi alágbára gé irin: ẹni tó bá ní wọn kò ní wá béèrè lọ́wọ́ wa níbí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

* * *

Wẹ́dà kan láti Abẹ́òkúta bínú sí èmi tó ń ṣiṣẹ́ lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí túùlù lè gé e. Ó ní: “Ẹ̀yin ará lathe, ẹ kàn kórìíra wa ni. Ogún ọdún ni mo ti fi ń gé irin, gáàsì kì í ba irin jẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó máa ń ba etí rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iná kọ́kọ́ sọ irin di pupa roro, ó súnmọ́ 900 lórí ìwọ̀n Celsius, ìgbà yẹn ni ọ́síjìn wá jó irin náà gan-an, tó sì ń fẹ́ èyí tó jó dànù. Iṣẹ́ tó ń gé nìyẹn. Ṣùgbọ́n pélétì 50 mm jẹ́ òkè irin tútù. Bí iná bá ti kọjá, òkè tútù yẹn á fa ooru etí náà mọ́ra lójijì. Tí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀ nínú irin, etí á le bí àdá tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọ omi. Lórí irin rírọ̀, líle náà kéré, kò yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n irin Owódé Onírin, ta ló mọ ìyá rẹ̀? Ó lè ti ara ọkọ̀ ojú omi wá, ó lè ti ara katapílà wá.

Torí náà, kí o tó pe wẹ́dà, fi gíráńdà kan etí pélétì níbi tí ojú ò ti mọ́lẹ̀ jù. Tí iná tó ń ta bá gùn tó sì ń lọ tààrà, tí kò fọ́nká púpọ̀ ní ìparí, irin rírọ̀ ni. Tó bá ń fọ́nká yẹ́ríyẹ́rí bí iná ọdún Kérésì, kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀, fi àyè sílẹ̀ fún un dáadáa.

Àyè mélòó? Mo máa ní kí wẹ́dà gé e sí 140 mm, kí 5 mm kù yíká. Ẹni tó bá ní 2 mm ti tó kò tíì gé irin tó nípọn rí. Bí ọwọ́ bá ti yára jù, ìsàlẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn. Òkè á jẹ́ 140, ìsàlẹ̀ á jẹ́ 134, ẹ̀gbẹ́ ihò á sì rí bí pátákó ìfọṣọ. Kí wẹ́dà fi irin ìyíká di kọ́tà mọ́ àárín, kó má fi ojú wọ̀n ọ́n. Kí ìwọ náà fi bíìtì 12 mm lu ihò ìbẹ̀rẹ̀ fún un, sí inú irin tó máa bọ́ dànù, kó má sí lójú ìlà. Tó bá ní kó fi iná já pélétì 50 mm láìsí ihò ìbẹ̀rẹ̀, irin yíyọ́ á ta padà sí ojú kọ́tà, nígbà míì sí ojú rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi rèé. Pélétì kan wà tí wọ́n gé fún mi, oníbàárà dúró lọ́rùn mi. Mo da omi sí i kó lè tètè tutù. Nígbà tí mo gbé e sí ẹ̀rọ, túùlù kọ̀ jálẹ̀. Ó ń yọ̀ lójú irin, ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀, kò jẹ ẹyọ kan. Mo pọ́n ọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ irin náà di àdá. Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kódà bo erùpẹ̀ gbígbẹ mọ́ ọn tí o bá ráyè.

Ìkìlọ̀ méjì, n ò ní fẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo dúrọ́ọ̀mù kárábáìdì, agbára tí gáàsì asẹtilíìnì fi ń tì kò gbọ́dọ̀ kọjá 15 psi. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ó lè bú fúnra rẹ̀ láìrí iná. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ́ìlì tàbí gíríìsì kan ẹnu sìlíńdà ọ́síjìn, ì báà jẹ́ ti ọwọ́ yín.

Àti irin roboto yẹn: ó ń bọ̀ wá já, pupa ni yóò sì wà. Yanrìn ni kẹ́ ẹ fi sí abẹ́ rẹ̀. Kọnkéré máa ń bú tí irin gbígbóná bá bà lé e, èèkù rẹ̀ ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: “Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n lathe tó wà ní àdúgbò wa ò lè yí pélétì 400.”

Mo ti mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀. Láti igun dé igun, pélétì rẹ jẹ́ 566 mm, kò sì dín ní kílò 60. Ìwọ fẹ́ so ìyẹn mọ́ faceplate, àwo irin iwájú lathe, kó máa yí? Ògún má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Jẹ́ kí pélétì dúró, kí túùlù máa yí. Tú àga túùlù kúrò lórí carriage, apá lathe tó máa ń gbé túùlù rìn, so pélétì náà mọ́ ọn ní ìdúró, fi irin gbè é lẹ́sẹ̀ títí àárín ihò yóò fi bá àárín lathe mu. Mú ọ̀pá irin tó sanra, 70 mm bó bá ṣeé ṣe, ti orí rẹ̀ kan bọ chuck, ẹnu lathe tó ń di iṣẹ́ mú tó sì ń yí i, kí tailstock, ìdúró ẹ̀yìn lathe, di ìkejì mú, kí ọ̀pá náà gba inú ihò tí gáàsì gé kọjá. Lu ihò sí àárín ọ̀pá, ki túùlù sínú rẹ̀, fi bóòtù dì í. Ọ̀pá ń yí, carriage ń gbé pélétì rìn gba ẹnu túùlù kọjá. Igun pélétì ò kàn ọ́ mọ́, bó bá ti lè dúró lórí carriage ó bùṣe. Ẹ ò rí ìdí mìíràn tí gáàsì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́? Bí kò bá sí ihò ńlá nílẹ̀, ọ̀pá ò ríbi gbà.

Ẹnìkan ní kí ló dé tí mi ò fi túùlù sórí ọ̀pá tí orí kan ṣoṣo dì mú, bí a ṣe ń ṣe sí ihò kékeré. Ọ̀pá tí orí rẹ̀ kan wà lófuurufú máa ń tẹ̀. Tí o bá sọ ọ́ di gígùn lọ́nà méjì, ó máa tẹ̀ lọ́nà mẹ́jọ. Àṣírí yìí ti pẹ́. John Wilkinson, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbẹ́ ihò ìbọn àgbá, tó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1774, òun ló ṣe ẹ̀rọ tí ọ̀pá rẹ̀ gba inú sìlíńdà kọjá, tí wọ́n di orí rẹ̀ méjèèjì mú. Sìlíńdà tó jáde lára ẹ̀rọ yẹn ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì James Watt, èyí tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, wúlò. Kó tó dìgbà náà, àlàfo ni ooru omi ń gbà sá lọ. Gbogbo ohun tí mo ní kí o ṣe yìí, tirẹ̀ ni, lathe àdúgbò rẹ ni mo kàn yá fún un.

Pélétì méjèèjì ńkọ́? Tí wẹ́dà bá ti gé ihò méjèèjì tán, gbé ọ̀kan lé èkejì, fi iná tò wọ́n pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí túùlù gba inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ihò náà wà ní àárín gẹ́lẹ́ tàbí kò sí, wọ́n á bára mu, ọ̀pá ẹ̀rọ ìfọ́kúta rẹ ò ní máa jó. Lẹ́yìn rẹ̀, fi gíráńdà pa ojú tí o jó. Ṣe àmì sí ojú tó kọjú síra o! Mo ti rí ẹni tó yí ọ̀kan padà nígbà tó ń tò ó, tó wá ń bú ẹni tó gbẹ́ ihò.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí túùlù máa wọlé, má ṣe họ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Èèpo tí iná fi sílẹ̀ le ju irin abẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 2 mm tàbí kó lé díẹ̀, kí ẹnu túùlù máa jẹ irin tútù, kí èèpo máa bọ́ dànù fúnra rẹ̀. High speed ni mo fẹ́ níbí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní tọ́ńsítìnnì, túùlù tó le ju high speed lọ, ó sì dáa níbi tí irin bá tẹ́jú. Níbi tí gáàsì ti gé e ṣágiṣàgi, tí túùlù ń bọ́ sí afẹ́fẹ́ tó tún ń kọ lu irin, tọ́ńsítìnnì máa ń ṣẹ́ bí eyín arúgbó.

* * *

Wíwọ̀n. Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dáa ti ń bàjẹ́, ibí sì ni ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè nǹkan kan.

Ọ̀pá wà nínú ihò, o ò lè ki bíárìn wò. Fi mikirómítà, ohun ìwọ̀n tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà, wọn láti ẹ̀yìn ọ̀pá dé ẹnu túùlù. Tí ọ̀pá bá jẹ́ 70 gẹ́lẹ́, tí kò sì mì, 110.00 níbẹ̀ túmọ̀ sí ihò 150.00. Rántí pé àṣìṣe rẹ níbẹ̀ máa di méjì nínú ihò. Fáníà, ohun ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tó ń sún lórí irin, ò tó iṣẹ́ yìí. Ẹnu rẹ̀ tẹ́jú, inú ihò sì tẹ̀ kọrọdọ, ó máa ń purọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe mí. Ọ̀sán gangan ni, orí páànù lókè ń jó, túùlù ti ń jẹ láti àárọ̀. Mo wọn ihò, 150.03. Ó wù mí. Mo tú iṣẹ́ sílẹ̀, mo gba owó mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà: bíárìn kọ̀, kò wọlé. Mo búra pé bíárìn ayédèrú ni ó rà. Mo tún un wọ̀n níwájú rẹ̀, 149.96. Ojú tì mí bí ẹni jí ẹran jẹ. Pélétì yẹn á ti gbóná tó 40 lórí ìwọ̀n Celsius ju tòwúrọ̀ lọ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Irin máa ń wú ní ìdá méjìlá nínú mílíọ̀nù kan fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Lórí 150 mm, 40 di 0.07 mm. Odindi àyè tí H7 fún wa jẹ́ 0.04. Ooru nìkan ti jẹ ẹ́ tán, ó tún jẹ àjẹṣẹ́kù.

Láti ìgbà náà, mo máa ń fi bíi 0.5 mm sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Pélétì á sùn sórí ẹ̀rọ, bíárìn náà á sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ara wọn lè tutù bákan náà. Ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó gun páànù, mo máa mú èyí tó kù kúrò, nǹkan kékeré kékeré.

* * *

“Tó bá wá fẹ̀ jù ńkọ́? Ṣebí a lè fi pọ́ńṣì, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, lù ú yíká.”

Háà. Gbogbo wa la ti ṣe é. Ojú pọ́ńṣì máa ń yọ irin sókè, bíárìn á dì mọ́ ọn, oníbàárà á lọ. Lórí ẹ̀rọ ìfọ́kúta, orí ojú pọ́ńṣì kékeré wọ̀nyẹn nìkan ni gbogbo ìkọlù ń bọ́ sí, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ kí oṣù tó parí, bíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú ilé rẹ̀, á sì máa gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i. Èyí tó ń gé agolo wé e, mi ò dá a lóhùn. Èyí tó ń fi iná tò bíárìn mọ́ pélétì, kí Ọlọ́run bá wa wò ó.

Tó bá fẹ̀ jù, jẹ́ kó tún fẹ̀ sí i. Gbẹ́ ẹ dé 170, yí òrùka irin tó wọ̀ ọ́ pinpin, tì í sínú rẹ̀, kí o wá gbẹ́ inú òrùka náà sí 150. Ó máa ná ọ lọ́jọ́ kan. Kíkún un pẹ̀lú iná àti wíwẹ́ẹ̀dì náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń le níbì kan, á rọ̀ níbòmíràn, túùlù á máa fò lórí rẹ̀.

Má sì di bíárìn méjèèjì pa. Ọ̀pá tó wà láàárín wọn máa gbóná, ó máa gùn. Dé ọ̀kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdérí, kí ìkejì ní nǹkan bíi mìlímítà kan láti sún lọ sún bọ̀.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan tó dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí èmi ti sọ: “Kí ló dé tí kò ra bíárìn tó ti wà nínú ilé tirẹ̀, kó fi bóòtù dè é mọ́ fúréèmù?”

Òótọ́ ni. Iye méjì tó kẹ́yìn nínú 6314, tí o bá fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, 70 mm ló máa fún ọ, ìyẹn ọ̀pá rẹ. UCP214, bíárìn tó ti wà nínú ilé tirẹ̀, òun náà, ọ̀pá 70 ló ń gbà. Ó ní ẹsẹ̀, ó ní ihò bóòtù. Bí o bá lo ìyẹn, ọ̀pá nìkan ló máa gba inú pélétì rẹ kọjá, ihò 90 tí wẹ́dà fi gáàsì gé ti tó, ọ̀gá rẹ á sì dákẹ́. Fún ẹ̀rọ ìlọgbàádo, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún òkúta, ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀: irin dídà ni ilé rẹ̀, ó máa ń là tí ìkọlù bá pọ̀, bóòtù rẹ̀ sì máa ń tú. Ẹ̀gbọ́n tó ní kùárì kan sọ fún mi pé òun ń lò ó, òun kàn ń tọ́jú méjì sílẹ̀ ni. Àbúrò, owó oníbàárà rẹ ló máa dá ẹjọ́ yẹn.

* * *

Ẹni tó béèrè kọ ìròyìn lálẹ́ àná. Ó lo 6314. Gíráńdà fi hàn pé irin rírọ̀ ni. Wẹ́dà gé e sí 140, ìsàlẹ̀ bọ́ sí 136, wọ́n so pélétì méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ méjì nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bíárìn wọlé pẹ̀lú ìtẹ̀ ọwọ́ àti ìkànkàn pátákó díẹ̀ lórí òrùka ìta. Kò tíì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé gáàsì kan án.

Ó wá ní wẹ́dà ti gbé irin roboto méjèèjì lọ, pé àṣà iṣẹ́ ni.

Àṣà ta ni? Lọ gbà á. Tí o bá yí etí tó jó kúrò, ó ṣì máa ku bíi 125 mm, ó nípọn 50. Kò fẹ̀ tó láti dé bíárìn rẹ lójú, ṣùgbọ́n púlì ọ̀kan wà níbẹ̀, fláńjì orí ọ̀pá kan náà wà níbẹ̀. Tí wẹ́dà bá ṣe agídí, mú ọ̀kan, fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un.